Tẹlifíṣàn ńlá inú pálọ̀ lè di pátákó ìkọ̀wé

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, olùkọ́ kan ní Gánà mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì ya ojú kọ̀ǹpútà sára pátákó ìkọ̀wé kíláàsì rẹ̀. Richard Appiah Akoto, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Owura Kwadwo Hottish lórí Facebook, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Betenase ní Sekyedumase bí wọ́n ṣe ń lo Microsoft Word. Agbègbè Ashanti, tí Kumasi jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni Sekyedumase wà. Kò sí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ náà lè lò ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011 ni ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti wà lára ìdánwò tí àwọn ọmọ Gánà gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí àti ọmọ tó ní i nílé, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àwòrán Akoto tàn káàkiri ayé. Microsoft gbé e lọ sí Singapore fún ìpàdé àwọn olùkọ́ ní oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn mìíràn sì fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó ṣe, ó yẹ kí àwọn òbí fiyè sí nǹkan kan: ó fún gbogbo kíláàsì ní ojú ńlá kan tí wọ́n jọ ń wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú ojú ńlá bẹ́ẹ̀ ti wà ní ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Kumasi lónìí, bó ṣe wà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní Lọmé. Ọjọ́ tí Asante Kotoko bá ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ilé á pé síwájú rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá parí, wọ́n á pa á. Nínú yàrá kejì, ọmọ mẹ́ta á forí jọ sídìí laptop kékeré kan. Èyí tó jókòó sáàárín ló ń rí nǹkan, àwọn tó kù ń na ọrùn.

Wáyà kan ṣoṣo ló máa ń ku kí àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Wáyà HDMI ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. Wọ́n á ki orí kan bọ laptop, wọ́n á ki orí kejì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, wọ́n á sì fi rìmóòtù yan ihò tí wọ́n kì í bọ̀ níbi tí wọ́n kọ "Source" tàbí "Input" sí. Tí àwòrán kò bá yọ, lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì Windows àti P pọ̀, kí wọ́n yan "Duplicate".

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó jẹ́ VGA ló ní kì í gbé ohùn, àwòrán nìkan ni. Ohùn nílò wáyà tirẹ̀. Àwọn laptop tuntun kan kò ní ju ihò USB-C lọ, kì í sì í ṣe gbogbo USB-C ló lè gbé àwòrán jáde. Ó yẹ kí oníbàárà béèrè èyí dáadáa kó tó sanwó fún ọlọ́jà ní Adum.

Àwọn kan á sọ pé ọgbọ́n àìlówó lọ́wọ́ nìyí. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ZX Spectrum àti Commodore 64 jáde ní ọdún 1982, tẹlifíṣàn ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà so wọ́n mọ́. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé tẹlifíṣàn ti wà nílé, kò sì yẹ kí ènìyàn san owó ojú kejì. Nígbà tí Raspberry Pi dé ní ọdún 2012, ihò HDMI wà lára rẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Àtakò tó lágbára ni pé wíwò kì í ṣe mímọ̀. Ẹni tó ń wo oníjó kò tíì mọ ijó. Òtítọ́ ni. Gbogbo nǹkan ni ṣọ́ọ̀kì Akoto lè yà, àmọ́ bọ́tìnnì orí pátákó kò lè dá ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lóhùn. Ti tẹlifíṣàn tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà yóò dáhùn, bí wọ́n bá ń gbé máòsì yípo. Kí ọmọ kan máa tẹ̀ ẹ́, kí àwọn tó kù máa wò, kí wọ́n máa tọ́ ọ sọ́nà, lẹ́yìn náà kí ó kan ẹlòmíràn.

Àwọn ìṣòro mìíràn wà. Tí iná bá lọ, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní dumsor, tẹlifíṣàn á kú lójijì. Laptop tí bátìrì rẹ̀ dára kò ní kú, nítorí náà iṣẹ́ kò ní sọnù. Bàbá tó bá sì ṣí WhatsApp sílẹ̀ lórí laptop náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á, kí ọ̀rọ̀ àṣírí má baà yọ síwájú àlejò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì jù ni ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò sí tẹlifíṣàn ńlá nílé tirẹ̀. Àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà ní àdúgbò púpọ̀, tẹlifíṣàn wọn tóbi, bẹ́ńṣì wọn pọ̀, wọ́n sì máa ń ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè bá ẹni tó ni wọ́n sọ̀rọ̀. Laptop kan, wáyà kan, olùkọ́ kan àti wákàtí méjì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ mìíràn tún máa fi ṣọ́ọ̀kì ya kọ̀ǹpútà nígbà tí tẹlifíṣàn ńlá kan wà ní pípa ní òpópónà kejì.