Àtẹ̀gùn Tí Ń Yọ̀: Iṣẹ́ Ta Ni Láti Fọ̀ Ọ́?

Ní àkókò òjò, pàápàá láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ohun kan a máa hù jẹ́jẹ́ lórí àtẹ̀gùn ìta àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìkejà, Agége, Ọ̀gbà àti Oregun. Ó ń hù nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó ń hù lẹ́yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ń hù ní ibi àlùwàlá ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. Nígbà mìíràn ó dúdú bí èédú. Bí oòrùn bá pa á, yóò gbẹ, yóò sì dà bí ìdọ̀tí lásán. Bí omi bá tún kàn án, ó di ọ̀tá ẹsẹ̀. Tọmọdé tàgbà ni ó ń rí i, tí wọ́n sì ń rọra gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ ni kò sí.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí fún ìwé-ìròyìn ẹlẹ́sìn. Kò kéré rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 2021 pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé nínú 100 wọn, ó ju 80 lọ tí ó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó. Nínú àwọn ìjàǹbá tí ń pa ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀, ti ojú pópó nìkan ni ó ṣíwájú rẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe ilẹ̀ yíyọ̀ nìkan ni ó ń fa gbogbo ìṣubú, ṣùgbọ́n òun ni èyí tí ó rọrùn jù láti mú kúrò.

Àwọn wo ni ó sì ń rin àtẹ̀gùn wọ̀nyí? Òṣìṣẹ́ tí ó jáde níṣẹ́ òru tí oorun kún ojú rẹ̀ ni, ìyá olóúnjẹ tí ó gbé igbá lérí ni, aláboyún ni, bàbá arúgbó tí ń lọ kí ìrun àsúbáà nínú òkùnkùn ni. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ lébírà ojúmọ́ bá dá, ọjọ́ náà ni oúnjẹ ilé rẹ̀ dá. Ilé-ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun náà ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n eegun kò tí ì yé ṣẹ́.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé kí ènìyàn wá ohun tí ó gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ń wò lónìí kì í ṣe àtẹ̀gùn. Bí ẹnìkan bá ṣubú, ọwọ́ ayé ni wọ́n ń nà sí: ìyàwó àbúrò bàbá, ọ̀gá ibi iṣẹ́, aládùúgbò tí kò kí ni dáadáa. Owó tí ì bá ra búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé fún adáhunṣe. Àwọn mìíràn yóò wí pé àmúwá Ọlọ́hun ni, wọn yóò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tún bọ́ sí i. Kádàrá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ànábì Muhammad (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kọ́ ẹni tí ó ni ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí ó gbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ yíyọ̀ sílẹ̀ tí ó wá ń tọrọ ààbò kò tí ì so ràkúnmí tirẹ̀.

Kí ni nǹkan yìí gan-an? Ewéko wẹ́wẹ́ ni, kì í ṣe èpè. Kò ní gbòǹgbò tòótọ́ bí igi. Omi, òjìji àti ìdọ̀tí díẹ̀ ni ó fi ń gbé. Nítorí náà, ibi tí ó bá pọ̀ sí, omi kan ń jò níbẹ̀: táńkì tí ó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni, tàbí páìpù tí ó ti là, tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tí ń kán, tàbí gọ́tà òrùlé tí ewé ti dí. Ẹni tí ó bá fọ àtẹ̀gùn tí kò dí ojú omi, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni ó ń ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ta ni. Onílé ní ayálégbé ni ó ń rìn níbẹ̀. Ayálégbé ní òun kò lè fi owó òun tún ilé onílé ṣe. Ilé-iṣẹ́ ní agbaṣẹ́ṣe ni ó ni ìmọ́tótó. Agbaṣẹ́ṣe ní kò sí nínú àdéhùn. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ti ń fi òfin má-rìn mú ará Èkó tún àyíká ṣe ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí òfin má-rìn náà, ọ̀pọ̀ sì fi ọwọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Èyí fi hàn pé ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ni wọ́n fi ń gbálẹ̀.

Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé iṣẹ́ náà pín sí méjì. Ẹni tí ó ni ilé ni yóò tún ohun tí ń da omi ṣe. Ẹni tí ń rin ibẹ̀ ni yóò máa fọ̀ ọ́. Ti ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ ní àríyànjiyàn. Òfin Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí ilẹ̀, àtẹ̀gùn àti ọ̀nà inú ilé-iṣẹ́ wà ní ipò tí ó dára. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, kò yọ lébírà ojúmọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Ọba Akran ni kò mọ èyí, tí wọ́n ń fi ìdajì ìrora lọ ilé láìsọ̀rọ̀.

Ní ti mọ́sáláṣí, ẹ̀bi ibẹ̀ tún wúwo sí i. Mùsùlùmí wo ni kò mọ hádíìsì tí ó ka mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́? Síbẹ̀ ohun ìpalára ń hù ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́hun. Omi tí ó ń bọ́ ọ ni omi ìnákúnàá. Ìwọ̀n múddù kan, tí kò tó líítà kan, ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Lónìí, ẹlòmíràn yóò ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ títí yóò fi fọ ẹsẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá lo búútà ti dín oúnjẹ ewéko yìí kù.

Ọ̀nà àtifọ̀ ọ́ kò le. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ewé àti ẹrẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da ife kan oògùn tí ń mú aṣọ funfun, irú Hypo tàbí Jik, sínú ife omi mẹ́wàá, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n dà á síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún ha á, kí wọ́n sì fi omi ṣàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá tàbí ásíìdì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí ó lè pa ènìyàn ni yóò jáde. Ásíìdì nìkan pàápàá ń jẹ sìmẹ́ńtì. Bí àyè kò bá tí ì sí láti fọ̀ ọ́, kí wọ́n fọ́n yanrìn síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń ṣe àtẹ̀gùn tuntun, kí bíríkìlà fi ọwọ̀ fa ìlà sí ojú sìmẹ́ńtì tútù. Táìsì dídán kò yẹ fún ìta.

Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ọ̀dọ́ mẹ́fà tó fún mọ́sáláṣí kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kò dìgbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, kò sì dìgbà tí ẹnìkan bá kọ́kọ́ ṣubú. Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ gbogbo Mùsùlùmí rinlẹ̀, ní ayé àti ní ọ̀run.