Ta ló ń ka afẹ́fẹ́ fún Ọjà-Ọba?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú sí Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ní owó kò tó mọ́, wọ́n sì dáwọ́ dúró: òǹkà afẹ́fẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ inú ọgbà ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn tó lé ní 80 káàkiri ayé ń gbé jáde kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Owó wọn ni, ẹ̀rọ wọn ni, ọgbà wọn ni. Ẹni tó gbé àtùpà rẹ̀ wọlé kò ṣẹ aládùúgbò tó ti ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ka owó. Àwọn tí àwa ń bínú sí kò jìnnà. Wọ́n wà ní Abuja, wọ́n wà ní ilé ìjọba ní Ìlọrin, kò sì tì wọ́n lójú pé àjèjì ló ti ń sọ fún ọmọ Nàìjíríà bóyá afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú dára.

Ẹ wo Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ìyá tó ń ta èlùbọ́ létí títì á fi aṣọ nu ẹnu igbá, kò sì ní tíì ká aṣọ náà tán tí eruku mìíràn yóò fi bà lé e. Láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni púpọ̀ nínú eruku yẹn ti ń gbéra, ìrìn tó ju 1,500 kìlómítà lọ. Kì í sì í dá dé. Èéfín kòrópe, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́, jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, iná ẹlẹ́ran sùyà, ààtàn tí wọ́n ti iná bọ̀: gbogbo wọn ló ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá yìí mọ iye tí kóńgò èlùbọ́ jẹ́ láàárọ̀, ó mọ iye tó jẹ́ lálẹ́. Iye èérún tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró òun fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé láàárín wákàtí 24, èérún tíntìntín tí wọ́n ń pè ní PM2.5 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Nǹkan bí 30 irú èérún bẹ́ẹ̀ ló máa tò kó tó gba ìbú irun orí kan. Irun imú kò lè sẹ́ wọn. Wọ́n ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, àwọn mìíràn a sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Mélòó ló wà ní Ọjà-Ọba láàárọ̀ yìí, 15 ni àbí ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀? A kò tíì rí pátákó kan nínú ọjà náà tó sọ ọ́.

Ibi tó ti wá ń dùn wá jù ni pé Ìlọrin kì í ṣe ìlú tí ìmọ̀ kò dé. Ní ọdún 1992 ni ibùdó tó ń wọn ìtànṣán oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin. Ní 1998, ẹ̀rọ AERONET, ẹgbẹ́ ẹ̀rọ tí NASA ń darí káàkiri àgbáyé, dé bá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n T. O. Aro ti Ẹ̀ka Físíìsì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Rachel Pinker ti Yunifásítì Maryland wà lára àwọn tó ṣe làálàá iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Cimel ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni wọ́n ń lò: á kọjú sí oòrùn, á wo iye ìmọ́lẹ̀ tó dé ilẹ̀ tààrà, á sì mọ iye tí eruku àti èéfín gbà lójú ọ̀nà. Bí òǹkà rẹ̀ bá jẹ́ 1, ìmọ́lẹ̀ tó kù fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bó bá di 2, kò tó ìdá kan nínú méje. Ní ìgbà ọyẹ́, òǹkà Ìlọrin ti kọjá 2 rí.

Ojú ọ̀run wa ti di àwòṣífìlà fún ayé. Ní 2016, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan, Olúṣẹ́gun Fáwọlé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òǹkà Ìlọrin yìí kan náà rí àmì èéfín gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń sun ní Niger Delta. Gáàsì tí òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n má sun mọ́ láìgba àṣẹ mínísítà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1984 ni o! Èéfín yẹn ń rìn dé orí Ìlọrin, ó sì wà nínú ìwé ìmọ̀ tí ẹni tó jókòó sí Tokyo lè kà. Ẹni tó jókòó sí Ọjà-Ọba kò gbọ́. Láti yunifásítì dé ọjà kò ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìjọba tó ń lọ àti ìjọba tó ń bọ̀ láti 1998, kò sí èyí tó ronú pé kí wọ́n gbé ìmọ̀ yẹn rin ìrìn náà. A mọ̀ pé ojú ọ̀run látòkè délẹ̀ ni ẹ̀rọ yunifásítì ń wò, pé kì í ṣe ibi tí imú èèyàn wà nìkan. Ìdí tó fi yẹ kí ọjà ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nìyẹn.

Àjọ ojú ọjọ́, NiMet, ń ṣe tirẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á kéde bí eruku ṣe ki tó àti bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, wọ́n á sì fi kún un pé kí àwọn tó ní ásímà ṣọ́ra. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìkéde náà ń ṣe láǹfààní. Awakọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ ní Ìlọrin á mọ̀ bóyá kí òun bà tàbí kí òun ṣẹ́rí padà. Ìyá tó pọn ọmọ oṣù mẹ́ta wọ Ọjà-Ọba kò mọ̀ bóyá kí òun jáde nílé.

Àwọn aláṣẹ yóò ní òfin wà. Àwa náà mọ̀. NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, wà láti 2007. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari lọ ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá máa fi di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sáyé kò ní ju èyí tó ń gbà padà lọ. Oṣù yẹn kan náà ló fọwọ́ sí Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́. Iná kan náà ló ń tú èyí tó ń mú ayé gbóná àti èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ wá sọ fún wa, ẹ̀yin aláṣẹ: ẹ ti mọ ti 2060, ẹ kò mọ ti àárọ̀ òní. Kí lẹ fẹ́ fi mọ̀ pé ó ti dín kù?

Ẹ wo ohun tí òǹkà lè ṣe. Ní Beijing, 2008 ni ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka òǹkà afẹ́fẹ́ síta ní wákàtí wákàtí. Ìjọba China fárí gá, wọ́n ní kí Amẹ́ríkà dákẹ́. Ará ìlú ò dákẹ́. Kò pẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi ń gbé òǹkà tirẹ̀ jáde, ní 2013 wọ́n gbé ètò ńlá kalẹ̀, afẹ́fẹ́ Beijing sì mọ́ ju ti ìgbà yẹn lọ dáadáa. Ó dà bíi pé ohun tí àwọn aláṣẹ tiwa ń sá fún gan-an nìyẹn: bí òǹkà bá ti jáde, ẹnì kan ní láti dáhùn fún un.

A gbà pé omi kò tó, iná kò tó, owó ìjọba kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó ń ka èérún wà tí owó rẹ̀ kò tó ti jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì kọmíṣánnà kan. Kí wọ́n gbé e sí Ọjà-Ọba, sí Post Office àti sí odò ẹran, kí àwọn onímọ̀ yunifásítì máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí Radio Kwara sì máa ka òǹkà rẹ̀ ní Yorùbá láràárọ̀, kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé. Bí wọn kò bá ní ṣe é, kí wọ́n wá sí ọjà, kí wọ́n wá sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tó ń mí in sínú.