Rúlà Wà Lọ́wọ́ Ta?

Láti Ìyànà-Ìbà títí dé Okokomaiko ní Èkó, orí àtẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra jígí ìkàwé. Oníbàárà á gbé e sójú, á na ọwọ́ wo nọ́ńbà fóònù ara ẹ̀, á ní ó dáa, á sanwó, ó di ilé. Kò sẹ́ni tó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó wọn ojú ẹ̀.

Ní ilé ìtọ́jú ojú, dókítà ló ń yẹ ojú wò, tó sì ń kọ nọ́ńbà jígí. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ tó gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà, tó ní kí èèyàn fọwọ́ bo ojú kan kó ka lẹ́tà ara ògiri (ẹni tí kò kàwé á máa fìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí), òun náà ló sábà máa ń mú rúlà wọn àárín ọmọlójú méjèèjì. Mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 54 sí 74. Bí lẹ́ǹsì bá lágbára, tí ìwọ̀n náà sì fi mìlímítà mélòó kan yẹ̀, àárín lẹ́ǹsì kò ní kọjú sí ọmọlójú mọ́. Orí á máa fọ́ oníbàárà, ojú á máa ro ó, á sì máa sọ kiri pé dókítà yẹn ò mọṣẹ́. Rúlà ló jẹ̀bi.

Ìbéèrè iṣẹ́ tí oníbàárà ń ṣe náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà Alaba máa ń sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ju bí olùkọ́ yunifásítì LASU ṣe ń sún mọ́ ìwé lọ, nítorí náà nọ́ńbà tó bá tíṣà mu lè má bá a mu. Dírẹ́bà dánfó tó fẹ́ jígí alápá méjì ńkọ́? Bí ilà àárín lẹ́ǹsì bá ga jù, ojú títì gan-an ló máa dí mọ́ ọn lójú. Olùrànlọ́wọ́ tó mọṣẹ́ á ní kó jókòó bó ṣe ń jókòó nídìí ọkọ̀, á wá fi bírò sàmì síbi tí ilà yóò wà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ sì ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé, lára àwọn tó ti pé 40 ọdún, ojú tó kàn nílò jígí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìríran-dáadáa tí kò tíì le. Ní Bangladesh, ìwádìí tó jáde ní 2024 rí i pé àwọn tí wọ́n fún ní jígí ìkàwé, owó tó ń wọlé fún wọn lóṣù kúrò ní nǹkan bíi dọ́là 35 ó di 47 láàárín oṣù 8. Èkó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ètò Jigi Bola, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tinubu ń ṣe gómìnà, pín jígí lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin Nàìjíríà ti 1989 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ dókítà ojú tó ń kọ jígí àti àwọn tó ń ṣe jígí sílẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ kò sí lára orúkọ ìgbìmọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé wíwò ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ kúkúrú àti ìwé ẹ̀rí fún wọn. Kí ìyẹn tó dé, kí onílé ìtọ́jú máa tún ìwọ̀n náà wọ̀n fúnra rẹ̀. Oníbàárà náà lè béèrè kó tó sanwó: "Ẹ jọ̀ọ́, mìlímítà mélòó lẹ kọ fún mi?" Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí káàdì, kó tún padà jókòó.