Ẹ Má Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Yín Jókòó Lásán

Ẹ̀yin ará, ẹ wo kọ̀ǹpútà yín yẹn. Ẹ tàn án sílẹ̀, ẹ lọ jẹun. Kí ló ń ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń yẹ ojú sánmà wò ń wá olùrànlọ́wọ́. Ẹ yá wọn ní kọ̀ǹpútà yín lónìí.

Wọ́n ti ṣe é rí, ó sì ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ ètò SETI@home. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dá olóye wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé wa. Ẹ̀rọ Arecibo ní Puerto Rico, tí abọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 305, ló ń gba ìró rédíò láti òkè nígbà náà. Ìró náà pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ni wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, wọ́n pín in fún aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló jẹ́ ìpè náà.

Wọ́n dáwọ́ pípín iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020. Wọn ò tíì rí ẹnì kankan lókè. Àmọ́ wọ́n ti ṣa àwọn ìró tó ń kọ wọ́n lóminú sọ́tọ̀, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ FAST, tó ń gba ìró rédíò ní Ṣáínà, tún wọn wò.

Ẹ má wí pé ó ti parí. Ètò mìíràn bíi tirẹ̀, Einstein@Home, ṣì ń pín iṣẹ́. Òkú ìràwọ̀ tó ń yí kíákíá, tó sì ń rán ìró rédíò jáde, ni wọ́n ń wá. Lọ́dún 2010, kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Iowa, Amẹ́ríkà, àti ti ọkùnrin kan ní Mainz, Jámánì, ló rí ọ̀kan. Ó ń yí tó ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Kò sí onímọ̀ ìràwọ̀ nínú wọn. Èmi náà kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀. Ìfẹ́ ojú sánmà ló mú mi.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gba BOINC, ètò kọ̀ǹpútà tí Einstein@Home fi ń pín iṣẹ́, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ìkànnì tiwọn gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ yan Einstein@Home nínú rẹ̀.

Ṣé ooru lẹ ń bẹ̀rù? Ẹ dín agbára kọ̀ǹpútà tí BOINC ń lò kù. Fóònù Android nìkan lẹ ní? Ó tó. Tó bá wà lẹ́nu iná, tó sì wà lórí Wi-Fi, á ṣiṣẹ́.

Ẹ má torí èyí tan jẹnẹrétọ̀. Ìgbà tí iná bá wà náà ti tó. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Tí ẹ bá ṣe tiyín tán, ẹ bá aládùúgbò kan ṣe tirẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ ilé, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ má fi dọ̀la. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀.