Owó Sólà Wà Nínú Kẹ́ẹ̀gì Epo Wa

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu wa: "Sólà ti wọ́n jù, ti olówó ni." Ìṣirò tí a kò ṣe ni ó ń jẹ́ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 lọ́gán. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti sún mọ́ ₦1,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 náà, àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún rí i tí yúníìtì kan kúrò ní ₦68, tí ó di ₦225.

Ilé tí ó ń da lítà mẹ́ta sínú ẹ̀rọ amúnáwá ní alaalẹ́, bí a bá ka lítà kan sí ₦900, ₦2,700 ni ó ń sun. Lóṣù, ó di ₦81,000. Lọ́dún, ó lé ní ₦970,000. Kò tíì ra ọ́ìlì, kò tíì pe mẹkáníìkì. Èéfín ni gbogbo rẹ̀ sì dà! Onílé yìí kan náà ni yóò sọ fún wa pé òun kò lówó sólà.

Pánẹ́ẹ̀lì kì í mu epo, àwọn tí ń ṣe é sì sábà máa ń fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún 25. Bátìrì ni ìnáwó ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ògbólógbòó nítorí ẹ̀dínwó, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò rà á.

Ẹ má sì dúró de ìjọba. Ní Bìrìtéènì, láti oṣù kẹrin ọdún 2022, a mú owó orí ọjà kúrò lórí sólà tí a bá gbé sí ilé. Níhìn-ín, ètò tí a gbé kalẹ̀ ní ìparí ọdún 2020 fún ilé mílíọ̀nù márùn-ún, owó yíyá fún àwọn ilé-iṣẹ́ ni ó gbára lé, kì í ṣe ẹ̀bùn fún onílé. Owó èlé, a mọ ohun tí ó jẹ́. Yóò tilẹ̀ jẹ èrè tí a ń wá.

Àjọ ni mo fara mọ́. Kí ènìyàn mẹ́wàá máa dá ₦80,000 lóṣù, kí ẹnì kan máa kó ₦800,000. Kí ó fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Áyọ́ọ̀nù lè dúró. Ẹni tí yóò kó kẹ́yìn ni ẹrù wúwo jù lọ́rùn rẹ̀, nítorí yóò máa ra epo, yóò sì máa dá àjọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu jù láàárín wọn kọ́kọ́ kó.