Kì Í Ṣe Igbó Ló Kọ́ Wọn

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìbéèrè bá ti jáde lórí Lord of the Flies, ìwé tí William Golding gbé jáde ní 1954, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wa máa ń kọ: àwọn ọmọ tó lajú bọ́ sí erékùṣù tí kò sí àgbàlagbà, ọ̀làjú bọ́ lára wọn, wọ́n di ẹhànnà. Wọ́n á fún wa ní máàkì, ọ̀rọ̀ á parí. Àwa ń sọ pé ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, ó sì yẹ kó dùn wá pé àwa ọmọ aláwọ̀ dúdú ló ń há a sórí.

Kí ló gbé àwọn ọmọ náà dé erékùṣù? Ogun ni. Wọ́n ń kó wọn sá fún ogun ni ọ̀tá yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú wọn. Àwọn àgbà tó lajú, tó ní bọ́ǹbù, ló ń ja ogun ọ̀hún. Jack kò kọ́ ìjẹgàba nínú igbó. Bó ṣe yọ lọ́jọ́ kìíní, olórí ẹgbẹ́ akọrin ni, ó ń to àwọn ọmọ nínú aṣọ dúdú bí ọ̀gá sójà, títí Simon fi dákú. Kí ẹnikẹ́ni tó kun ojú ni wọ́n ti ń fi Piggy ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó sanra. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí wọ́n ní òfin nígbà tí wọ́n ń fi ìkarahun pe ìpàdé? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí wọ́n lu Simon pa, Ralph wà níbẹ̀, Piggy onílàákàyè náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Piggy ló ń wá àwáwí pé èèṣì ni. Ọ̀làjú kò sá lọ o. Ó jókòó, ó ń ṣàlàyé.

Ẹ tún wo ìparí ìwé. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó wá gbà wọ́n ń ṣe hàà pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì hu irú ìwà báyìí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ogun ló gbé òun fúnra rẹ̀ wá. Jack ń fi ọ̀kọ̀ dọdẹ ènìyàn, ọ̀gá yìí ń fi àgbá dọdẹ wọn. Èwo ni ẹhànnà nínú àwọn méjèèjì?

Golding mọ ohun tó ń sọ. Ó jagun nínú ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó wà níbi ìgúnlẹ̀ sí Normandy ní 1944, ó sì kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ilé ìwé. Ó mú orúkọ Ralph àti Jack láti inú The Coral Island ti Ballantyne, níbi tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe dáadáa, tí ibi sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá. Ó fẹ́ da irọ́ yẹn nù.

Síbẹ̀, a ní ẹjọ́ bá òun náà rò. Nígbà tó fẹ́ fi ibi hàn, aṣọ ta ló yá? Kíkun ara, ijó, ọ̀kọ̀. Níbi tiwa, ìyàwó ń kun osùn, ijó sì ní àgbà àti òfin tirẹ̀. Àmì ìkà kọ́ nìyẹn. Ní 1965, ọmọkùnrin mẹ́fà láti Tonga há sí erékùṣù ʻAta fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Wọ́n pín iṣẹ́, wọ́n dáko, wọ́n tọ́jú ẹni tó kán lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn sì délé láàyè. A kò sọ pé kò sí ìkà ní Tonga. Ohun tí a ń sọ ni pé erékùṣù kì í dá ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ìkà.

Kí ló kàn wá? Àwọn tó ń ṣá ara wọn ládàá lóru nínú ọgbà fásitì ń wọ kíláàsì láàárọ̀. A máa ń pè wọ́n ní ẹranko, ká lè sùn bí ẹni pé wọn kì í ṣe ara wa. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ìbéèrè náà bá tún jáde, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kódà bí máàkì yín yóò bá dín.