Àkísà Àgbà Lójú Ọ̀nà Jeddah

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òwe yìí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá wà lọ́wọ́ bàbá, ọmọdé lè kó sányán, àlàárì àti ẹtù jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àkísà ni kò sí lórí àtẹ. Ẹni tó bá ní in ti wọ aṣọ náà dé oko, ó ti wọ̀ ọ́ dé òde ìnáwó, ó ti mọ ibi tó ń há a lápá àti ibi tó ti kọ́kọ́ ya. Aṣọ tuntun tó bá máa rán lọ́la, ìmọ̀ yẹn ló máa fi gé e.

Mo máa ń rántí òwe yìí nígbàkúùgbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn bọ̀gìnnì onílẹ̀kùn méjì, àwọn kúpé olówó gegere tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé. Jeddah sì ni ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti yẹ kó jẹ wá lógún jù. Etí Òkun Pupa níbẹ̀ ni títì ìdíje Formula One wà, tó gùn ní kìlómítà 6.174, tó ní kọ́nà 27. Lewis Hamilton ló kọ́kọ́ borí níbẹ̀, lóṣù Kejìlá ọdún 2021. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni awakọ̀ ìlú náà sì ti di tọkùnrin tobìnrin.

Ìráhùn tó gbòde ni pé ojú ọkọ̀ ti le jù. Iná iwájú tó máa ń rí rogodo ti di tín-ín-rín, gíríìlì ti gbòòrò, ẹnu bọ́ńpà là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé èèyàn mì, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ sì ti kéré. Wọ́n ní kúpé àtijọ́ dà bí ohun tí ọwọ́ gbẹ́, pé ti ìsinsìnyí kàn ń halẹ̀ mọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Ẹjọ́ náà kò tọ́ délẹ̀, nítorí kì í ṣe ìfẹ́ inú àwọn ayàwòrán nìkan ló yí ojú ọkọ̀ padà. Iná LED kéré débi pé kò nílò gíláàsì rogodo mọ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó ń dáàbò bo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn fẹ́ kí àlàfo wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti irin ẹ́ńjìnnì, kí orí ẹni tí ọkọ̀ bá gbá má baà kan irin. Ìdí nìyẹn tí iwájú ọkọ̀ fi ga sí i. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún agbára rẹ̀, tí wọ́n tún so bátìrì mọ́, ń fẹ́ atẹ́gùn tútù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tó bá ti dúró nínú gósílóò Jeddah ní ọ̀sán gangan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní bínú sí ọkọ̀ tí ẹnu rẹ̀ là kó lè mí.

Àwọn tó yí ojú ọkọ̀ padà lásán wà, àwọn tó nídìí tí wọ́n fi ṣe é náà wà, àkísà ni mo sì fi ń dá wọn mọ̀.

Ẹ wo Bentley Continental GT. Nígbà tó jáde ní 2003, ibi èjìká R-Type Continental ti ọdún 1952 ni wọ́n ti mú ilà tó ga sókè létí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ jẹ́ méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ojú yẹn làwọn èèyàn sì mọ̀ mọ́ ọn fún ogún ọdún. Ní 2024, wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilà ìmọ́lẹ̀ kan tó dábùú rẹ̀. Ariwo sọ. Bẹ́ẹ̀ ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni Bentley fi rìn láyé ìgbà kan. Àwọn ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ náà tọ́ka sí. Inú àpótí aṣọ ara rẹ̀ ni àgbà náà wọ̀ lọ.

Ferrari ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà, mo sì rò pé tiẹ̀ dáa jù. Ẹ sún mọ́ iwájú 12Cilindri. Ọ̀já dúdú kan ló so iná ọ̀tún mọ́ iná òsì, ó tẹ́jú, ó ń dán, kò sí imú kankan tó yọ jáde. Ẹni tó bá mọ Ferrari 365 GTB/4 ti ọdún 1968, tí wọ́n ń pè ní Daytona, á mọ ibi tí ọ̀já náà ti wá. Lára Daytona àkọ́kọ́, rọ́bà tó mọ́ gaara bí gíláàsì ló bo iná iwájú láti ìkángun dé ìkángun. Òfin Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi iná tó ń yọ sókè tó ń wọlé rọ́pò rẹ̀ ní 1971. Ibi tí aṣọ náà ti ya nìyẹn. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, tí iná ti kéré tí kò sí ìdí fún rọ́bà kankan mọ́, wọ́n padà wá rán ibẹ̀.

Àkísà tó ya pátápátá náà ní ìwúlò tirẹ̀. Lọ́dún 1976, Aston Martin gbé Lagonda jáde, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí William Towns yà bí ẹni fi rúlà ge ìwé. Àwọn nọ́ńbà iná tí wọ́n fi rọ́pò aago inú rẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu gan-an. Síbẹ̀ àwọn olówó ilẹ̀ Lárúbáwá fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tó sì di 2014, Aston Martin tún mú orúkọ náà padà, wọ́n pè é ní Lagonda Taraf, Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Éṣíà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ tà á fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ìpìlẹ̀ ọkọ̀ tuntun.

Ṣùgbọ́n àgbà lè wọ inú àpótí kó sì gé aṣọ náà jù. BMW M4 tó jáde ní 2020 ní ihò imú méjì tó gùn láti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà. Wọ́n tọ́ka sí BMW 328 ti ọdún 1936 pé imú rẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ 328 tẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ńdà rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, imú gígùn ló bá irú ara bẹ́ẹ̀ mu. M4 fẹ̀, èjìká rẹ̀ sì gbòòrò. Níbí ni mo ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ráhùn.

Èyí tó dùn mí wọra ni Jaguar. Ilé tó bí E-Type ní 1961 fi òpin sí F-Type ní 2024, ó sì gbé Type 00 jáde ní Miami lóṣù Kejìlá ọdún náà, kúpé oníná tí kò ní gíláàsì ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni pé àwọn kì í ṣe àwòkọ ohunkóhun. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì gùn, mo gbà, ara rẹ̀ sì wuni lójú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àkísà rẹ̀ nù, tó wá ń bá ọmọdé du aṣọ tuntun, ibi tí ọmọdé ti lágbára jù ló lọ bá a jà.

Ọ̀nà tó ti Jeddah lọ sí Mẹ́kà kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Àwọn alálàájì wa tó ń ti Èkó, Ìlọrin àti Ìbàdàn wá mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ bí Kùránì tó ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti wọ haramí, aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn, kò níṣẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ bọ̀gìnnì tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mi ò fi ọkọ̀ wé Ilé Ọlọ́run o. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mò ń bá bọ̀, Mẹ́kà sì mọ̀ nípa aṣọ ju ibikíbi lọ. Káábà ti wọ funfun rí, ó ti wọ pupa, ó ti wọ àwọ̀ ewé, kí dúdú tó dúró láti ayé Kálífà al-Nasir ti ìdílé Abbasid. Ọdọọdún ni wọ́n ń hun Kiswa tuntun, ìyẹn aṣọ Káábà, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Mẹ́kà, sílíkì dúdú tí wọ́n fi òwú wúrà àti fàdákà kọ àwọn àyọkà Kùránì sí. Èyí tó ti lo ọdún kan, wọn kì í jù ú nù. Wọ́n á gé e, wọ́n á fún àwọn àlejò pàtàkì, ẹni tó bá gba ègé kan á sì fi férémù sí i, á gbé e kọ́ sára ògiri, àtọmọdọ́mọ á sì jogún rẹ̀.

Ní àríwá Jeddah, ní King Abdullah Economic City, ọmọdé kan ti ń rán aṣọ tirẹ̀. Lucid, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, ṣí ẹ̀ka síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Àpò ìdókòwò ìjọba Sáúdí, PIF, ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ náà. Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni Lucid Air, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 1,234 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Sapphire ní, nígbà tí 12Cilindri ní 819. Aṣọ ọmọdé náà ti ju ti àgbà lọ. Ohun tí mo fẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tọ́jú àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tò pọ̀, pẹ̀lú àléébù wọn. Kí wọ́n tọ́jú àwọn àwòrán tí ọ̀gá kọ̀ sílẹ̀, àwọn bọ́ńpà tó fọ́ níbi ìdánwò, àti ìwé ẹ̀sùn àwọn oníbàárà tí ooru ba bátìrì wọn jẹ́. Kí wọ́n kọ́ ilé fún àwọn nǹkan wọ̀nyí ní Jeddah, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ di ayàwòrán ọkọ̀, kí wọ́n lè máa fọwọ́ kàn wọ́n.